Ṣé kí n gbé iṣẹ́ mi síta kí jọ́nà tó gbà á? Ìbéèrè kan láti Ẹ̀pẹ́

ÌBÉÈRÈ

Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Ẹ̀pẹ́ níbí ni mo ti ṣe ìwádìí fún oyè kejì mi. Mo bu omi nínú kànga 31, láti ẹsẹ̀ ọ̀sà títí dé apá Noforija, mo sì yẹ iyọ̀ inú wọn wò, torí àwọn ará àdúgbò ń ráhùn pé omi kànga àwọn ti ń níyọ̀ lẹ́nu. Ó di oṣù kọkànlá báyìí tí mo ti fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí jọ́nà kan, ìwé àtìgbàdégbà tí àwọn onímọ̀ ń tẹ ìwádìí sí. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń sọ fún mi ni pé ó ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn olùyẹ̀wò. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìkòròdú ní kí n gbé e sí ojú òpó preprint, kí àwọn èèyàn máa kà á. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi fárígá. Ó ní preprint dà bí ọbẹ̀ tí a kò tíì fi iyọ̀ sí, a kì í gbé e fún àlejò. Ó ní wọn yóò jí i, pé kò sì ní í wúlò fún mi lọ́jọ́ ìgbéga. Àǹtí, kí ni kí n ṣe? Ṣé ojúlówó ìwé ni preprint, àbí àhesọ tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà tẹ̀?

* * *

Àbúrò, gbé e síta. Ṣùgbọ́n má gbé e síta lónìí. Màá sọ ìdí rẹ̀ tí mo bá dé ibẹ̀. Màá sì dá àwọn òǹkàwé tó ti fèsì sábẹ́ ìbéèrè rẹ lóhùn.

Ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń jà lé lórí. Preprint ni odindi ìwé ìwádìí tí ẹni tó ṣe é fọwọ́ ara rẹ̀ gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, lọ́fẹ̀ẹ́, kí àwọn ojúgbà rẹ̀ tó yẹ̀ ẹ́ wò fún jọ́nà. Wọ́n á fi ọjọ́ sí i, wọ́n á fún un ní nọ́ńbà DOI tí wọ́n fi ń dá ìwé mọ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ti ní dátà lórí fóònù lè kà á. Àwọn tó ń mójú tó ojú òpó náà a máa wò ó bóyá iṣẹ́ ìwádìí ni lóòótọ́, bóyá kì í ṣe àdàkọ, bóyá kò lè ṣe aráàlú ní jàǹbá. Wọn kì í wò ó bóyá ó tọ̀nà. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò ní í ju ọjọ́ mélòó kan lọ tó máa fi jáde.

Ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ tí ọ̀gá rẹ sọ yẹn, mo ti gbọ́ irú rẹ̀ rí. Àwa ọmọ ẹlẹ́ja mọ̀ pé ẹja tútù kì í ṣe ẹja tó bàjẹ́. Ẹni tó rà á mọ̀ pé òun ṣì máa dáná sí i. Ohun tó burú ni kí èèyàn pe ẹja tútù ní yíyan, kó tà á fún ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá ti kọ ọ́ gàdàgbà sí ojú ewé àkọ́kọ́ pé àwọn ojúgbà kò tíì yẹ èyí wò, ẹni tó ń kà á ti mọ ohun tó wà lọ́wọ́ òun.

Kì í ṣe àṣà àná náà. Láti ọdún 1961 ni NIH, iléeṣẹ́ ìwádìí ìlera ti ìjọba Amẹ́ríkà, ti ń pín ẹ̀dà ìwé tí kò tíì jáde fún àwọn onímọ̀ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́. Àwọn jọ́nà gbógun tì í, ó sì kú lọ́dún 1967. Nígbà tó di oṣù kẹjọ ọdún 1991, Paul Ginsparg, onímọ̀ físíìsì ní Los Alamos, dá ojú òpó tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí arXiv sílẹ̀. Ibẹ̀ ni Grigori Perelman, ará Rọ́ṣíà, gbé ojútùú ìṣòro Poincaré sí ní oṣù kọkànlá ọdún 2002, ìṣòro ìṣirò tó ti ń da àwọn àgbà láàmú láti 1904. Kò fi ránṣẹ́ sí jọ́nà kankan. Àwọn ojúgbà rẹ̀ fi ọdún mélòó kan yẹ̀ ẹ́ wò láìsí olóòtú tó rán wọn níṣẹ́, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Àwọn onímọ̀ ohun ẹlẹ́mìí dá bioRxiv sílẹ̀ ní 2013. Ti ìṣègùn, medRxiv, dé ní oṣù kẹfà ọdún 2019, oṣù díẹ̀ ṣáájú kòrónà.

* * *

Ẹni mẹ́ta ló ti kọ ọ́ síbí pé wọn yóò jí i. Ẹ̀rù tó bà mí náà nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi.

Ẹja yíyan ni iṣẹ́ mi dá lé. Òwò ìyá mi ni, inú èéfín ni mo dàgbà sí. Mo fi ọdún kan gbáko wọn iye igi tó ń jó nínú ààrò àgbá, mo fi wé ti ààrò Chorkor tí wọ́n ti ń lò ní Gánà tipẹ́, mo sì wo bí ọ̀bọ̀kún àti àrọ̀ ṣe ń gbẹ sí nínú méjèèjì. Mo fi ránṣẹ́ sí jọ́nà kan. Oṣù mọ́kàndínlógún ni wọ́n fi gbé e sọ́wọ́. Wọ́n wá dá a padà pẹ̀lú gbólóhùn mẹ́rin: olùyẹ̀wò kan ní irú rẹ̀ ti wà níta. Mo wá a lọ, mo rí i. Oṣù keje lẹ́yìn tí mo ti fi tèmi ránṣẹ́ ni wọ́n tẹ èyí jáde.

Mi ò sọ pé ẹnikẹ́ni jí iṣẹ́ mi. Ẹni méjì lè ro ohun kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, pàápàá lórí ohun tí gbogbo etí omi láti ibí dé Dakar ń ṣe lójoojúmọ́. Ohun tó dùn mí ni pé mi ò ní ẹ̀rí tí mo lè nà síta pé mo ti dé ibẹ̀ ṣáájú. Ímeèlì tí jọ́nà fi sọ pé àwọn ti rí i gbà nìkan ni mo ní, ta ló fẹ́ ka ímeèlì mi?

Àìtètè mólè, olè ń mú olóko. Bí mo bá ti gbé e síta lọ́jọ́ tí mo fi ránṣẹ́ sí jọ́nà, ọjọ́ yẹn ì bá wà lórí rẹ̀, gbogbo ayé ì bá sì rí i. Ẹni tó fẹ́ jí iṣẹ́ nífẹ̀ẹ́ sí ibi tí ilẹ̀ ti ṣú, níbi tó jẹ́ pé èèyàn méjì mẹ́ta tí o kò mọ orúkọ wọn ló ń ka ìwé rẹ, tí ẹlòmíì kò sì mọ̀ pé ó wà. Ojú gbangba kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

* * *

Iye tó ń náni? Kọ́bọ̀ kò sí ńbẹ̀. arXiv, bioRxiv àti medRxiv kì í gba owó lọ́wọ́ òǹkọ̀wé. Jọ́nà ni ẹ ó fi wé. Nígbà tí àwọn tó ni Nature kéde ní òpin ọdún 2020 pé òǹkọ̀wé lè sanwó kí gbogbo ayé lè ka iṣẹ́ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, €9,500 ni wọ́n dá lé e lórí. Ẹ ṣírò rẹ̀ sí náírà, kí ẹ fi wé owó oṣù olùkọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì sá fún preprint kí ẹ wá kó sọ́wọ́ àwọn jọ́nà tó ń fi ímeèlì wá èèyàn kiri, tó jẹ́ pé tí o bá ti sanwó, ọ̀sẹ̀ kan náà ni ìwé rẹ máa jáde láìsí ẹni tó kà á. Wọ́n á lẹ orúkọ àyẹ̀wò mọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò. Ẹja tútù tí wọ́n pè ní yíyan nìyẹn.

* * *

Ẹni tó kọ̀wé láti Bàdágìrì bínú gan-an, ohun tó sì sọ tó bínú sí. Ó ní lọ́dún 2020, àbúrò bàbá òun gbé chloroquine mì títí wọ́n fi gbé e dìgbàdìgbà lọ sí ilé ìwòsàn, torí ó gbọ́ pé ìwádìí ti jẹ́rìí sí i pé ó ń wo kòrónà. Ó ní ìwádìí tí a kò tíì yẹ̀ wò kò yẹ kó dé etí aráàlú rárá.

Mo rántí ìgbà yẹn. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹta, Donald Trump gbé oògùn náà ga níwájú gbogbo ayé. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó ti gbówó lórí ní Èkó, àwọn kan ti lò ó jù wọ́n sì ti dèrò ilé ìwòsàn, NCDC, àjọ ìjọba wa tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn, sì ń kìlọ̀ kíkankíkan. Ìwé ìwádìí tí gbogbo wọn dì mú wá láti Marseille ní ilẹ̀ Faransé. Hydroxychloroquine, ìbátan chloroquine, ni wọ́n yẹ̀ wò nínú rẹ̀, aláìsàn 36 péré ló sì wà nínú ìṣirò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n, ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà yí sí. Òótọ́ ni pé ìwé yẹn wà lórí medRxiv. Ṣùgbọ́n jọ́nà kan pẹ̀lú gbà á. Ọjọ́ 16 oṣù kẹta ló dé ọwọ́ wọn, ọjọ́ 17 ni wọ́n gbà á wọlé, orúkọ tó sì ń jẹ́ látìgbà náà ni ìwé tí àwọn ojúgbà ti yẹ̀ wò. Oṣù kejìlá ọdún 2024 ni wọ́n tó fagi lé e. Ó lé ní ọdún mẹ́rin àbọ̀. Lórí oògùn méjèèjì yìí, Lancet, jọ́nà ìṣègùn ńlá kan, tẹ ìwé mìíràn jáde ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún ọdún 2020, tó ní ó ń pa àwọn aláìsàn. Ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Surgisphere ni wọ́n ti rí àkọsílẹ̀ tí wọ́n fi ṣe é, ẹnikẹ́ni kò sì lè rí àkọsílẹ̀ náà fojú ara rẹ̀. Ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ni wọ́n fagi lé e. Àyẹ̀wò ojúgbà kọjá lórí méjèèjì.

Ẹ wá fi wé èyí. Ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún kan náà, preprint kan bọ́ sórí bioRxiv, tó ní apá kan lára kòkòrò kòrónà jọ ti HIV lọ́nà tó mú ìfura dání. Àwọn onímọ̀ káàkiri ayé bò ó bí eṣú, wọ́n fi àṣìṣe rẹ̀ hàn níbi tí gbogbo èèyàn ti lè rí i, àwọn tó kọ ọ́ sì fà á sẹ́yìn láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ibi tó jáde sí gan-an ni wọ́n ti tún un ṣe.

Ẹ má sì gbàgbé dexamethasone. Oògùn pọ́ọ́kú ni, kò sí kẹ́mísì kan ní Ẹ̀pẹ́ yìí tí kò ní i. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà ọdún 2020, àwọn tó ṣe ìwádìí RECOVERY ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé èsì wọn sí medRxiv: nínú àwọn aláìsàn kòrónà tí ẹ̀rọ ń bá mí, ó dín ikú kù ní ìdá kan nínú mẹ́ta, nínú àwọn tó ń gba afẹ́fẹ́ ọ́síjìn láìlo ẹ̀rọ yẹn, ó dín in kù ní ìdá kan nínú márùn-ún, fún ẹni tí kò nílò afẹ́fẹ́, kò ṣe àǹfààní. Ọjọ́ 17 oṣù keje ni jọ́nà tó gbé e jáde. Èèyàn mélòó ni ì bá ti kú láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti ààbọ̀ yẹn ká ní wọ́n ti i mọ́ inú dúrọ́ọ̀? Nílé wa níbí náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, àwọn ọmọ iṣẹ́ Christian Happi ní ACEGID, Yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ, pẹ̀lú NCDC àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, ka genome (odindi àkọsílẹ̀ àbùdá) kòkòrò tó wà lára aláìsàn àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà, wọ́n sì gbé e síta lójú ẹsẹ̀ fún gbogbo ayé. Wọn kò dúró de jọ́nà.

Síbẹ̀ mo fara mọ́ ẹ̀gbọ́n wa lórí kókó kan, bí àwọn kan tilẹ̀ ní kí a gbé gbogbo nǹkan síta bó ti wù kó rí. Bí ohun tí o kọ bá lè mú kí ẹnì kan gbé oògùn mì lálẹ́ òní, ẹni méjì tó mọ iṣẹ́ náà dunjú gbọ́dọ̀ ti kà á fún ọ kí o tó tẹ bọ́tìnnì. medRxiv fúnra rẹ̀ kì í gba àwọn ìwé tó lè ṣe jàǹbá báyẹn.

* * *

Olùkọ́ kan láti Ìkòròdú ní: “Ta ló ń ka preprint tí yóò fi tún un ṣe? Ọ̀pọ̀ wọn kì í gba ìdáhùn kankan.” Òótọ́ ni, ọ̀pọ̀ wọn kì í gbà. Tèmi gba ẹyọ kan, ẹyọ kan náà ló sì gbà mí.

Lẹ́yìn tí jọ́nà dá iṣẹ́ ẹja mi padà, mo gbé e síta. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ẹnikẹ́ni kò sọ nǹkan. Ọmọbìnrin kan láti Gánà wá kọ̀wé sí mi, ó béèrè ọ̀nà tí mo gbà ṣírò omi inú ẹja. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹja kan ṣàlàyé. Ká ní ẹja tútù wọn 1,000 gíráàmù, tí o gbẹ ẹ́ títí kò fi lómi mọ́ rárá, tó wá ku 250. Omi tó jáde jẹ́ 750. Bí o bá pín 750 yìí pẹ̀lú odindi ẹja, omi jẹ́ 75 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí o bá pín in pẹ̀lú ẹja gbígbẹ nìkan, ó di 300. Ọ̀nà méjèèjì ló tọ̀nà, àwọn onímọ̀ ń lo méjèèjì, ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ sọ èyí tí o lò. Mo ti fi ọ̀nà kan ṣírò ti ààrò àgbá, mo fi èkejì ṣírò ti Chorkor, torí ẹni méjì ló bá mi ṣe é ní ọ̀sẹ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, mi ò sì fi ojú kan wò wọ́n. Olùyẹ̀wò jọ́nà tó gbé e sọ́wọ́ fún oṣù mọ́kàndínlógún kò rí i. Ọmọ yìí rí i ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, torí òun fẹ́ fi iṣẹ́ mi ṣe tirẹ̀.

Alẹ́ méjì ni mo fi tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Mo gbé ẹ̀dà kejì síta, mo kọ sí iwájú rẹ̀ ohun tó yí padà àti ẹni tó pe àkíyèsí mi sí i. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, torí kò ṣeé pa rẹ́. Bí o bá tilẹ̀ fa iṣẹ́ rẹ sẹ́yìn, wọ́n á kọ ọ́ sí i pé o fà á sẹ́yìn ni, àlàfo kò ní í wà níbẹ̀. Kí ẹni tó fẹ́ gbé nǹkan síta mọ èyí dájú. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, ṣùgbọ́n ọlọ́gbọ́n náà gbọ́dọ̀ rí iṣẹ́ ọ̀hún kó tó lè bá ọ dá sí i.

* * *

Ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí ló mú kí n fẹ́ dáhùn ìbéèrè yìí látilẹ̀.

Nínú ìwé ẹja yẹn, ìpínrọ̀ kan wà tí mo ti sọ pé èéfín igi a máa fi àwọn èròjà kan sílẹ̀ lára ẹja, tó lè fa jẹjẹrẹ bó bá pọ̀ jù. Òótọ́ ni, àwọn mìíràn ti ṣe iṣẹ́ lórí rẹ̀ tipẹ́. Àwọn ilẹ̀ Yúróòpù pàápàá ní òdiwọ̀n fún benzo(a)pyrene, ọ̀kan lára wọn, nínú ẹja tí wọ́n fi èéfín yan: máíkíróògíráàmù 2 nínú kílò kan. Ṣùgbọ́n èmi kò wọn ẹyọ kan nínú èròjà wọ̀nyí. Mo kàn fi ìpínrọ̀ náà ṣe ẹnu ọ̀nà ọ̀rọ̀, bí a ṣe máa ń ṣe.

Ẹnì kan ya fọ́tò ìpínrọ̀ yẹn. Ó gbé e sórí WhatsApp, ó sì kọ ọ́ sórí rẹ̀ pé ẹja yíyan Ẹ̀pẹ́ ń fa jẹjẹrẹ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé ọdún Káyòkáyò ti Ẹ̀pẹ́, mo lọ ra ọ̀bọ̀kún ní ọjà Olúwo. Àwọn obìnrin tó ti mọ̀ mí láti ìgbà tí mo ti ń ru abọ́ tẹ̀lé ìyá mi gbójú kúrò lára mi. Ọ̀rẹ́ ìyá mi kan ló pè mí. Ó mú àrọ̀ yíyan kan nínú agbọ̀n, èyí tí wọ́n ká, tí wọ́n ti ìrù rẹ̀ bọ ẹnu, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó ní, “Ìwọ lo kọ ọ́ pé ohun tí a fi tọ́ ẹ dàgbà ń pa èèyàn?”

Mo jókòó sórí àpótí. Mo ṣí fóònù mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé náà fún un ní Yorùbá, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó gbọ́ mi parí. Ó wá béèrè pé, “Ẹja mélòó lo kó lọ yẹ̀ wò fún jẹjẹrẹ?”

Mo ní kò sí, mà.

Ó ní, “Kí ló wá dé tí o fi kọ ọ́?”

Kò sí olùyẹ̀wò tó bi mí ní ìbéèrè yẹn. Mi ò sì rí èsì kankan fún un. Ọ̀pọ̀ yín ti sọ níbí pé ẹ̀bi àwọn tó ń pín nǹkan kiri ni, pé ẹni tó ṣe ìwádìí kò jẹ̀bi ohun tí aráàlú bá fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Mi ò gbà. Ẹyin lohùn. Nígbà tó jẹ́ pé inú jọ́nà nìkan ni à ń kọ̀wé sí, tí ó jẹ́ pé ẹni ogún ló máa kà á, a lè máa sọ ohun tí a kò wọ̀n bí ìkíni. Preprint ti gbé ìwé wa wá sí àárín ọjà. Ó yẹ kí a mọ̀ pé àwọn ọlọ́jà wà níbẹ̀, pé ọ̀rọ̀ wa lè ba ọjà wọn jẹ́ fún oṣù kan gbáko. Tiwọn bàjẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Mo ṣe ẹ̀dà kẹta. Mo yọ ìpínrọ̀ yẹn kúrò. Mo fi ìlàjì ojú ewé kan ṣáájú ní èdè Yorùbá: èyí ni a wọ̀n, èyí ni a kò wọ̀n, èyí ni ẹni tó ń yan ẹja lè ṣe láti òní lọ, bíi kó lo igi tó gbẹ dáadáa, kó gbé àtẹ ga, kó má jẹ́ kí ọ̀rá ẹja máa kán sínú iná, torí ọ̀rá tó ń jó lórí iná wà lára ohun tó ń mú àwọn èròjà yẹn pọ̀ sí i. Ẹnu ya àwọn kan pé èèyàn lè fi Yorùbá kọ nǹkan sí ibi báyìí. AfricArXiv, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2018 fún iṣẹ́ àwọn ọmọ Áfíríkà, ń gba iṣẹ́ ní àwọn èdè ilẹ̀ wa. Mo padà sí Olúwo, mo ka ìlàjì ojú ewé yẹn fún ọ̀rẹ́ ìyá mi. Ó ní kí n yí gbólóhùn kan padà, pé bí àwọn ẹlẹ́ja ṣe ń sọ ọ́ kọ́ nìyẹn. Mo yí i padà kí n tó gbé e síta.

* * *

Ọ̀rọ̀ ìgbéga, ní ṣókí. Àwọn ọ̀dọ́ kan ní kí àbúrò wa má dá ìgbìmọ̀ ìgbéga lóhùn. Ẹ má ṣi ọmọ lọ́nà. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ gíga wa, ìwé inú jọ́nà ni wọ́n ń kà, owó oṣù èèyàn sì wà nínú rẹ̀. Ayé ń yí lóòótọ́: láti 2017 ni NIH ti gbà kí àwọn tó ń wá owó ìwádìí tọ́ka sí preprint nínú ìwé tí wọ́n kọ, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, àjọ Gates ti sọ ọ́ di dandan fún ẹni tó bá gba owó wọn pé kó gbé preprint síta, wọn kò sì san owó jọ́nà fún un mọ́. Ṣùgbọ́n àjọ Gates kọ́ ló ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ ẹ̀ka wa.

Kò pọn dandan kí èèyàn yan ọ̀kan. Gbé e sí preprint, kí o sì fi ránṣẹ́ sí jọ́nà. Ọ̀pọ̀ jọ́nà ló gbà bẹ́ẹ̀ báyìí. Èyí tí kò gbà náà ṣì wà. Ìbẹ̀rù tó wà lọ́kàn ọ̀gá rẹ, láti 1969 ló ti wá, nígbà tí Franz Ingelfinger, olóòtú New England Journal of Medicine, ṣòfin pé òun kò ní í gba iṣẹ́ tó bá ti jáde níbòmíràn. Ọ̀pọ̀ àgbà ni wọ́n fi òfin yẹn tọ́, kò sì bójú mu ká máa bú wọn nítorí rẹ̀. Lọ wo orúkọ jọ́nà rẹ lórí Open Policy Finder, ojú òpó tí wọ́n ń pè ní Sherpa Romeo tẹ́lẹ̀, wàá rí ohun tí wọ́n gbà àti ohun tí wọn kò gbà.

* * *

Mo padà sọ́dọ̀ rẹ báyìí, àbúrò.

Lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀gá rẹ. Orúkọ rẹ̀ wà lórí iṣẹ́ náà. O kò gbọdọ̀ gbé e síta lẹ́yìn rẹ̀, bó ti wù kí inú bí ọ tó. Lọ jókòó tì í, ka òfin jọ́nà náà fún un, kí ẹ jọ kọ̀wé sí olóòtú pé ẹ fẹ́ gbé e sí preprint. Bí ó bá ṣì kọ̀, dúró, kí o sì máa bẹ̀ ẹ́.

Èkejì ni èsì kànga tí o fi ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ àná. Kànga méjìlélógún nínú wọn tò bó ṣe yẹ: bí a ṣe ń sún mọ́ ọ̀sà ni chloride, èròjà inú iyọ̀ tí o wọ̀n, ń pọ̀ sí i. Àmọ́ kànga tí o fún ní nọ́ńbà 12 jìnnà sí omi ju ìdajì wọn lọ, síbẹ̀ o kọ 640 mílígíráàmù nínú lítà kan sí i, nígbà tí kànga méjì tó wà láàárín òun àti ọ̀sà kò dé 200. Níbi 250 ni ahọ́n ti ń mọ iyọ̀ inú omi lára. Ó ṣòro kí omi ọ̀sà fò kọjá kànga méjì kó wá wọ ẹ̀kẹta. Lọ wo àgbàlá ilé yẹn. Wo ibi tí ṣaláńgá wọn wà sí kànga, tiwọn àti ti aládùúgbò tó fi ògiri pààlà sí wọn. Omi ṣaláńgá náà a máa kó iyọ̀ wọ kànga, ó sì máa ń kó nitrate, èròjà kan tó ń ti ara ìgbẹ́ àti ìtọ̀ wá, dání. Bí nitrate bá ju mílígíráàmù 50 nínú lítà kan lọ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ kànga 12 ti kúrò lórí ọ̀rọ̀ ọ̀sà. Onílé ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ, nínú ilé rẹ̀, ní ọjọ́ kan náà tí o bá mọ̀ ọ́n, pàápàá bí ọmọ ìkókó bá wà nínú ilé. Jọ́nà àti preprint á dúró dè é.

Bí o bá sì fẹ́ gbé e síta nígbà tó bá yá, má fi àwòrán tó máa tọ́ka sí ilé onílé sínú rẹ̀.

Mo ní ìgò méjìlá tí mo ti fọ̀, tí mo dé lérí. Wá gbà wọ́n nílé mi ní Ayétòrò lọ́jọ́ Sátidé, kí oòrùn tó mú. Bu kànga 12 lẹ́ẹ̀mẹta, kí o sì bu àwọn méjì tó wà níwájú rẹ̀ pẹ̀lú.